Àgbàdo Òwúrọ̀ ní Ojú Ọ̀nà Ìṣẹ́yìn

Tí oṣù Agẹmọ bá ti wọlé, n kì í ra àgbàdo nínú ìgboro Ìbàdàn mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí aago méje tó lù, mo ti máa ń kọjá Òjòó. N óò gba iwájú ọgbà IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí iṣu, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti àgbàdo, títí n óò fi dé Mọ́níyà, n óò sì yà sí ojú ọ̀nà tí ó gba Ìjàyè lọ sí Ìṣẹ́yìn. Nǹkan bíi kìlómítà 65 ni ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n n kì í rìn ín dé òpin, nítorí pé ohun tí mo ń wá kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àtẹ tí àwọn àgbẹ̀ àti ìyàwó wọn máa ń gbé sí ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ń wá: pákó méjì tàbí mẹ́ta lórí igi mẹ́rin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ lórí rẹ̀ fún ìbòòji, àti ohun yòówù tí oko bá mú wá ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìdí tí mo fi ń tètè jí ni pé àgbàdo tútù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti ya á lára pòpórò rẹ̀ ni adùn inú rẹ̀ ti ń di sítáàṣì díẹ̀díẹ̀, bí ooru bá sì ṣe ń mú tó ni ó ṣe ń yára tó. Èyí tí a bá rà ní Bódìjà ní ọ̀sán Sátidé lè ti kúrò lóko láti àná tàbí láti ìjẹta, nítorí pé alájàpá ti dúró de ọkọ̀, ọkọ̀ ti dúró de ẹrù, ẹrù sì ti sùn sínú àpò lábẹ́ tapólì, kí alárobọ̀ tó wá kó o sórí àtẹ tirẹ̀. Àgbàdo náà ṣì ń tutù lójú, háhá rẹ̀ ṣì lè ní àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n ẹnu yóò mọ̀ pé nǹkan kan ti lọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ni pé kí wọ́n bá mi jẹ èyí tí wọ́n ya ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí a sì jọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà.

Ìyá kan wà tí àtẹ rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò kan kí a tó dé Ìjàyè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ọkọ rẹ̀ ni ó ń ṣe oko tí ó wà lẹ́yìn àtẹ náà gan-an, débi pé bí ènìyàn bá dúró síbẹ̀, yóò máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àgbàdo lọ́wọ́. Ilẹ̀ yìí ni ogun Ìjàyè, láti 1860 sí 1862, sọ di ahoro, tí àwọn ará ibẹ̀ fi tú ká. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí mo bá rí bí ewé ṣe bo gbogbo rẹ̀ lónìí.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Màmá. Àrokobọ́dúndé o. Ajé á wọ igbá."

"Àṣẹ o, ọmọ mi. O ò pẹ́ lónìí. Ìwọ ni àkọ́tà mi o, má jẹ̀ẹ́ kí a sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Òkìtì àgbàdo náà ṣì ní ìrì lára. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé ibẹ̀, mo na ọwọ́ mú ọ̀kan, mo sì fẹ́ bó orí rẹ̀ wò bí a ṣe máa ń ṣe ní ọjà, ni Màmá bá dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní ẹni tí ó bá bó o ló rà á. Ó ṣàlàyé fún mi pé háhá ni aṣọ àgbàdo, pé bí oníbàárà mẹ́rin bá ṣí ọ̀kan wò tí wọn kò sì rà á, oòrùn yóò ti gbẹ hóró orí rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, kò sì sí ẹni tí yóò rà á mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ wo àgbàdo láìṣí i. Mo máa ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti ìdí lọ sí orí. Bí hóró bá kún dé orí, ọwọ́ yóò máa kan nǹkan líle tí ó tò léra. Bí kò bá kún, ìka yóò rì wọlé ní apá òkè. Lẹ́yìn náà ni n óò wo irùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ṣì funfun tí ó ń dán, ó kù ọjọ́ mélòó kan sí i. Bí ó bá gbẹ pátápátá dé ibi tí ó ti jáde nínú háhá, ó ti ń gbó. Ṣùgbọ́n bí ẹnu rẹ̀ bá ti di àwọ̀ ilẹ̀, tí ìdí rẹ̀ sì ṣì rọ̀, àgbàdo sísè nìyẹn.

Nígbà tí Màmá rí i pé mo fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́, ó mú ọ̀kan nínú tirẹ̀, ó sì bó o fún mi. Ìhòòhò ni àgbàdo ń wọ ilẹ̀, igba aṣọ ni í fi í jáde. A máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àdúrà fún ìyàwó tuntun, ṣùgbọ́n n kò tíì ka aṣọ náà rí títí di ọjọ́ yẹn. Háhá mẹ́wàá ni mo kà, àwọn ti òde le, wọ́n sì ní irun wẹ́wẹ́ lára, àwọn ti inú fẹ́lẹ́, wọ́n sì tutù bíi pé ẹni kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi nù wọ́n. Màmá fi èékánná gún hóró kan ní àárín, omi funfun bíi wàrà sì ta sí mi lẹ́yìn ọwọ́. Ó ní bí omi náà bá mọ́ gaara, ọmọdé ni àgbàdo náà. Bí kò bá sí omi rárá tí inú rẹ̀ sì dà bí ẹ̀kọ, kí n má sè é, kí n lọ̀ ọ́, kí n fi ṣe sàpàlà. Nítorí náà, òkìtì méjì ni ó máa ń wà lórí àtẹ rẹ̀, ti sísè lápá ọ̀tún, ti sàpàlà lápá òsì, kì í sì í da wọ́n pọ̀ kí ó lè rí owó kan náà gbà lórí méjèèjì. Ìwà yìí ni ó sọ mí di oníbàárà rẹ̀.

Mo ti jáwọ́ nínú kíkọ orúkọ ohun tí n óò rà sílẹ̀ láti ilé. Ojú ọ̀nà yìí ni ó kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ yóò fi dandan wá a, bí ó bá sì fi dandan wá ohun tí kò sí lásìkò, yóò san owó gegere lórí ohun tí kò dùn. Oko ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ní agbègbè Ìbàdàn, òjò máa ń fìdí múlẹ̀ ní ìparí Ẹrẹ́nà, ìgbà náà ni wọ́n ń gbin àgbàdo àkọ́kọ́, tí a fi máa ń rí tútù rẹ̀ láti Òkúdù, kí ó tó wá pọ̀ yanturu ní Agẹmọ. Òjò a máa sinmi díẹ̀ ní Ògún, lẹ́yìn náà ni ti ìgbìn kejì yóò dé ní nǹkan bí Bélú, èyí tí ó jẹ́ pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kí ó gbẹ. Àgbàdo tí a bá rí ní àárín ọ̀gbẹlẹ̀, ti àkùrọ̀ ni. Ó dára, ṣùgbọ́n kò pọ̀, ó sì wọ́n. Máńgòrò ti lọ tán kí àgbàdo tó kún ọjà. Ọsàn kò tíì dùn ní Agẹmọ, ó di ìgbà tí òjò bá ń lọ sílé.

Àgbálùmọ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn òjò, láti Ọ̀pẹ títí di Ẹrẹ́nà, ó sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Èyí tí ó bá pọ́n fúnra rẹ̀ tí ó sì já bọ́ sílẹ̀ ní òru ni ó ń dùn. Èyí tí wọ́n fi igi jù tàbí tí wọ́n gun igi lọ já nígbà tí kò tíì tó àkókò, awọ rẹ̀ lè ti pọ́n, ṣùgbọ́n oje rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ètè, ẹnu yóò sì kan. Bí a bá bi ẹni tí ó ń tà á bóyá ó ṣà á ni tàbí ó já a, àgbẹ̀ tí igi wà ní oko rẹ̀ yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Alárobọ̀ kì í sábà mọ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí n sọ ketekete. Kì í ṣe gbogbo àtẹ ẹ̀bá ọ̀nà ni àtẹ àgbẹ̀. Àwọn kan ń lọ ra ọjà ní Bódìjà, wọ́n ń kó o padà wá sí ojú ọ̀nà, àwọn arìnrìn-àjò sì ń rà á pẹ̀lú ìdánilójú pé láti oko ẹ̀yìn ibẹ̀ ni ó ti wá. Iṣẹ́ òótọ́ ni òwò wọn, mo sì ń kí wọn bí mo bá ń kọjá, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá jí láti ilé ní aago mẹ́fà nítorí ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lóko, ó yẹ kí ó mọ ìyàtọ̀. Mo máa ń wo ohun tí wọ́n pa pọ̀ lórí àtẹ kan. Bí mo bá rí ápù, wọ́tàmẹ́lọ̀n àti tòmátì ńlá pupa tí gbogbo rẹ̀ dọ́gba ní Agẹmọ, mo mọ̀ pé ọkọ̀ ni ó gbé wọn wá láti ọ̀nà jíjìn. Àtẹ àgbẹ̀ kì í ní ju nǹkan mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan: àgbàdo, iṣu díẹ̀, ìdì ẹ̀fọ́, bóyá ìbẹ́pẹ méjì tí kò jọra. Iyẹ̀pẹ̀ wà lára iṣu rẹ̀, kòkòrò ti jẹ ewé kan tàbí méjì nínú ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ní ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti máńgòrò, mo tún máa ń ṣọ́ra sí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bákan náà yíká nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù tí inú rẹ̀ sì le, nítorí àwọn tí ń fi káábáìdì pọ́n èso, èyí tí àjọ NAFDAC ti ń kìlọ̀ fún aráàlú nípa rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ti tòmátì, ìyà tí ó jẹ wá ní 2016 ni ó là mí lójú. Òkè Ọya ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú tòmátì wa ti ń wá, ọ̀gbẹlẹ̀ sì ni àsìkò rẹ̀ níbẹ̀. Bí òjò bá ti dé, ó máa ń wọ́n lọ́dọọdún. Ní ọdún náà, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pàjáwìrì lórí rẹ̀ ní oṣù Èbìbí, àwọn ènìyàn sì sọ àrùn náà ní Ẹ̀bólà tòmátì. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni a fi ata àti àlùbọ́sà nìkan se ọbẹ̀ ní ilé wa. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ra tòmátì ìbílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ojú ọ̀nà yìí ń gbìn sí ẹ̀gbẹ́ oko wọn, èyí kékeré tí ara rẹ̀ ní ìlà bí elégédé. Ó kan, omi rẹ̀ pọ̀, a ó sì din ín pẹ́ kí omi náà tó fà, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí ó bá jáde níbẹ̀ ní òórùn tí mo mọ̀ láti kékeré.

Òjò tún ń mú ẹ̀fọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn wá. Ebòlò àti yánrin máa ń hù fúnra wọn ní oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro, àwọn ọmọ Màmá a sì máa já wọn ní ìdì kéékèèké. Bí mo bá rí ebòlò, mo ń rà á, ohun yòówù kí n ti ní lọ́wọ́.

Iṣu ni ó gba ìmọ̀ jù. Orílẹ̀-èdè wa ni ó ń mú èyí tí ó lé ní ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá gbogbo iṣu àgbáyé jáde, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń gbé ìlú ńlá kò mọ iṣu tí ó gbó yàtọ̀ sí èyí tí kò gbó. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, lójú ọ̀nà mìíràn, ní ìbẹ̀rẹ̀ Òkúdù, mo ra iṣu tuntun márùn-ún lọ́wọ́ ẹnìkan tí ó fi dá mi lójú pé wọ́n ti gbó. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, méjì ti rà láti ìdí, àwọn yòókù sì korò níbẹ̀ nígbà tí mo sè wọ́n. Owó náà dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mí jù ni pé bí wọ́n bá fi iṣu náà sílẹ̀ nínú ebè fún oṣù kan àbọ̀ sí i, ìbá tóbi, ìbá sì bọ́ ilé kan fún ìgbà pípẹ́. Gbèsè ni ó sábà máa ń lé àgbẹ̀ débi kí ó wa iṣu rẹ̀ ṣáájú àkókò, nítorí náà n kò lè bínú sí ẹni náà títí lọ.

Màmá ni ó kọ́ mi ní ohun tí ó yẹ kí n wò. Ó ní kí n mú iṣu dání kí n wo ìdí rẹ̀: bí ó bá funfun tí ó sì rọ̀ bí ìka ọmọdé, kò gbó, bí awọ ibẹ̀ bá ti ṣú tí ó sì le bíi ti ara yòókù, ó ti tó. Kí n tún wo orí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti gé e kúrò lára ìtàkùn, bóyá ojú ọgbẹ́ náà ti gbẹ. Nígbà wíwa iṣu àkọ́kọ́ tí ń bẹ̀rẹ̀ ní àsìkò yìí, àgbẹ̀ máa ń rọra tú ẹ̀gbẹ́ ebè, yóò gé iṣu náà lọ́rùn, yóò sì bo gbòǹgbò padà, kí ìtàkùn náà lè tún ta èyí tí wọn yóò fi ṣe èbù fún ọdún tí ń bọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹlẹ́gẹ́ ni, ada kan ṣoṣo tí ó bá ṣìnà yóò ba iṣu ọdún yìí àti ti ọdún tí ń bọ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí oníbàárà bá ń ju iṣu sórí ara wọn.

Iṣu tuntun kì í ṣe ti iyán lójú tèmi. Omi inú rẹ̀ ṣì pọ̀. Mo máa ń sè é jẹ pẹ̀lú epo àti ata lílọ̀, tàbí kí n fi ṣe àsáró, n óò sì fi iyán sílẹ̀ di ìgbà tí iṣu bá ti gbẹ lórí àká. Ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, wọ́n ṣì ń ṣe ọdún kí wọ́n tó jẹ iṣu tuntun, mo sì rí ọgbọ́n ńlá nínú rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí gbogbo ìlú bá fi ẹnu kò sí máa ń dá ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ wa iṣu rẹ̀ ní rírọ̀ dúró.

Mo ń ná ọjà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í ná an jù. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kọjá yìí, àgbàdo mẹ́fà ni Màmá pè ní 1,000 náírà. Mo ní kí ó jẹ́ mẹ́jọ. Ó ní kí n wo ìrì tí ó wà lára rẹ̀. Mo ra mẹ́fà mẹ́fà lọ́nà mẹ́ta ní iye tí ó pè é, ó sì fi méjì ṣe èènì, ó ní, "Gba èyí fún àwọn ọmọ." Ẹni tí ó bá rò ó dáadáa yóò mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tí ó ń ta ohun tútù kò le. Kò ní fíríìjì, òjò lè dé ní ọ̀sán, bí ó bá sì di aago méjìlá, alájàpá yóò gbé ọkọ̀ dé pẹ̀lú iye tí òun fẹ́ san, Màmá yóò sì gbà á nítorí pé àgbàdo kò ní ọ̀la. Ọgọ́rùn-ún náírà tí mo bá fi agídí yọ lára rẹ̀ kò ní yí nǹkan kan padà nínú ilé mi, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni owó tí yóò fi san ẹni tí ó bá wọn ro oko. Mo ń ná an lẹ́ẹ̀kan, mo ń gba èènì mi, mo sì ń dúpẹ́. Owó wẹ́wẹ́ ni mo ń mú lọ, ti 200 àti 500, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró lójú kan ní apá ibẹ̀, kò sì yẹ kí àgbàlagbà máa retí áláàtì tí kò wọlé.

N kì í kó àgbàdo sí búùtù ọkọ̀. Apẹ̀rẹ̀ ni mo ń tò ó sí, n óò gbé e sílẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó, n óò fi ẹ̀fọ́ tí mo rà bò ó lórí. Iṣu yóò dùbúlẹ̀ lọ́tọ̀, kò ní gun ara wọn. Bí mo bá ti délé, kí n tó bọ́ bàtà, n óò gbé omi kaná. Háhá àkọ́kọ́ ni mo ń bó sọnù. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni mo ń tẹ́ sí ìdí ìkòkò, n óò fi háhá ẹlẹ́gẹ́ inú sílẹ̀ lára àgbàdo fúnra rẹ̀, n óò sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, aago mẹ́wàá kò tíì lù tí àwọn ọmọ fi jókòó yí àwo ká pẹ̀lú àgbọn tí wọ́n ti fọ́ sílẹ̀. Èyí àbíkẹ́yìn jẹ mẹ́ta, ó sì bi mí léèrè ìdí tí èyí tí wọ́n ń tà ní iwájú ilé-ìwé rẹ̀ kì í fi í dùn báyìí. Mo sọ fún un pé èyí wà lóko ní òwúrọ̀ òní, nígbà tí òun ṣì ń sùn.

Nígbà tí mo ń kúrò ní ìdí àtẹ ní ọjọ́ náà, Màmá pè mí padà. Ó ní awùsá ti ń já bọ́ ní ẹ̀yìn odò wọn, pé bí n óò bá wá ní Sátidé tí ń bọ̀, òun yóò ti se díẹ̀ sílẹ̀ dè mí, èyí tí kò léfòó nínú omi nìkan. Mo bi í bóyá kí n mú omi mímu dání. Ó ní kí n mu omi mi tán kí n tó dé, nítorí pé awùsá yóò sọ omi di kíkorò lẹ́nu mi.